Ẹni Tó Ń Bá Mi Di Ilẹ̀kùn Mú

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí ọ dáadáa kí n tó sọ ohun tó wà nínú mi. Mo ti kí ọ.

Ó tún ní bí mi ò bá kọ "Alàgbà" síwájú orúkọ rẹ lẹ́yìn àpò lẹ́tà, kò ní tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ, pé bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ẹ̀yin míṣọ́nnárì níbẹ̀ nìyẹn. Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ẹnu mi ò tíì sọ ọ́. Ọmọ ogún ọdún tí irun àgbọ̀n rẹ̀ ò tíì mọ ibi tó máa gbà hù, òun ni Alàgbà. Kí wá ni kí wọ́n máa pe èmi tí mo bí i?

Láti ìgbà tí o ti lọ, ìyá rẹ ló ń kọ̀wé sí ọ, èmi ò kọ. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú ló ń bí mi. Kì í ṣe pé mò ń bá ẹ̀yin Mọ́mọ́nì jà. Ìyá rẹ ti ń bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí o tó mọ̀ ọ́n rìn, mi ò dí i lọ́wọ́ rí. Ohun tó dùn mí ni pé o yọ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, o ní ó di ọdún méjì, bí ẹni tó fẹ́ sáré lọ ra ìṣó.

Ohun tó mú mi kọ èyí nìyí. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ti kọṣẹ́. Mo ṣì lè wọn igi, mo ṣì lè fi ìfági fá a, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé ilẹ̀kùn mọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó kù lọ́dọ̀ mi ti lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. O sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ò ṣeé dá so: ẹnì kan á gbé e mú, ẹnì kan á máa yí síkúrù. Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí o ti ń bá mi di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú. Ní báyìí, ilẹ̀kùn mẹ́ta tí mo ti ṣe tán ló fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n.

Oní-fóòmù tó ń ta mátírẹ́ẹ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti wá bá mi. Ó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù náà kó máa kó ọjà rẹ̀ sí i. Ó ní kí n fún òun lésì kí oṣù kẹfà tó parí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi láràárọ̀ bíi pé mo ti gbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ: ṣé wàá padà wá sí ṣọ́ọ̀bù yìí, àbí kí n gbé e fún fóòmù? Má fi ẹsẹ Bíbélì dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ yín wọ ẹ̀wù funfun wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo lé wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnira ọwọ́. Mo kí ìyá mi. Ara mi le, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ráhùn.

Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo rí ìkọ̀wé yín lẹ́yìn àpò rẹ̀, mo jókòó kí n tó já a. Bí ẹ bá rí i pé mo pẹ́ kí n tó dáhùn, ọjọ́ Ajé nìkan ni wọ́n fún wa láti kọ̀wé sílé. Ọjọ́ náà là ń fọṣọ, là ń gẹrun, là ń ra ohun tí a máa jẹ. Fóònù sílé, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún. Mo kàn gbé lẹ́tà yín sínú àpò ẹ̀wù ni, mo ń gbé e rìn kiri láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ ò béèrè bí ibí ṣe rí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Yàrá kan là ń gbé, bẹ́ẹ̀dì méjì, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri, àti tábìlì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Mo ti ká páálí sábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú sí páálí yẹn, mi ò ní irinṣẹ́ ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa la ti ń jí. A kàwé, a gbàdúrà, a lọ ẹ̀wù, a fi báàjì sáyà, a jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn ló kù, títí di ìrọ̀lẹ́.

Òfin wa ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá rìn. Méjì méjì ni. Ẹnìkejì mi ga débi pé kò sí ẹnu ọ̀nà tí kì í forí gbá, ni mo bá sọ ọ́ ní Àtẹ́rígbà. Ilé wọn jìnnà sí tiwa. Oníṣirò owó ni bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò sì di òòlù mú rí. Bí mo bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, á jókòó tì mí. Bí mo bá lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, á tẹ̀lé mi. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń rán bọ́tìnnì. Ìyá mi béèrè nígbà kan bóyá wọ́n ń ṣọ́ wa ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wa. Bí ọ̀kan bá fẹ́ padà sílé lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo àdúgbò ti lé wa tán, èkejì ló máa ní, "Ká kan ọ̀kan sí i ná." Ohun tí a ṣe wà ní méjì nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn kì í ṣí. Àwọn mìíràn á ṣí, wọ́n á wò wá látòkè délẹ̀, wọ́n á tún tì. Ọkùnrin kan tiẹ̀ sọ fún wa láti inú yàrá pé òun ò sí nílé. Àtẹ́rígbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A máa ń fi irú ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wa máa ń dùn mí, kò tíì mọ́ mi lára.

Ní ti ìbéèrè yín, Bàbá, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lónìí. Ó ku oṣù mẹ́sàn-án. Mo ṣèlérí ọdún méjì, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi pé iṣẹ́ téèyàn bá gbà, kó parí ẹ̀. Ẹ má bínú, iṣẹ́ tí mo wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn lọ. Ẹ bá mi bẹ Oní-fóòmù kó ní sùúrù.

Àwọn méjì tí ẹ lé yẹn, bóyá wọ́n ti ń rìn láti òwúrọ̀. Ọmọ ẹnì kan làwọn náà. Bí wọ́n bá tún yà, ẹ má gbọ́ tiwọn bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ ṣáà fún wọn lómi.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí Àtẹ́rígbà náà. Orúkọ yẹn bá a mu, mi ò ní tan ọ́. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyá rẹ yọjú láti wò bóyá ara mi ò yá.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ìyókù. Ó ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo pa lẹ́tà náà dé, mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò fọwọ́ kan igi kankan lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ilẹ̀kùn tí ẹ̀ ń kàn láàárọ̀ dalẹ́, ta ló ṣe wọ́n? Bí kò bá sí káfíńtà, ṣé aṣọ ìkélé lẹ̀ bá máa kàn? Ilẹ̀kùn ló bọ́ ọ. Ilẹ̀kùn ló rán ọ níléèwé, òun náà ló ra bàtà àkọ́kọ́ tí o fi rìn jáde. Má fi ẹnu tí o fi jẹ nínú rẹ̀ kẹ́gàn rẹ̀.

O ní ó ń dùn ọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í mọ́ yín. Ilẹ̀kùn wà fún títì. Mi ò tíì rí oníbàárà tó ní kí n ṣe ilẹ̀kùn tí kò ní ṣeé tì fún òun. Ẹni tó bá tì í ń lo ohun tó fowó rà ni, kò bá ọ jà.

O ní kí n bẹ Oní-fóòmù. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́. Mo bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kúkúrú, o fún mi ní ọ̀rọ̀ gígùn. Bí oṣù yìí bá parí, màá fún un lésì bó bá ṣe rí lójú mi. Ó ti wá wọn ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n, bàtà rẹ̀ ò sì dọ́gba. Ó tún béèrè bóyá tábìlì iṣẹ́ mi wà lára ohun tí òun ń gbà. Tábìlì tí bàbá tèmi fi sílẹ̀ fún mi.

Àwọn ẹgbẹ́ yín ò tíì padà wá. Ó jọ pé wọ́n gbọ́n díẹ̀.

Ọwọ́ ń dùn mí, lẹ́tà ò lè gùn.

Bàbá rẹ ni,
Káfíńtà tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré.


Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú sí mi. Gbólóhùn yẹn ò dáa. Bí mo ṣe ju lẹ́tà náà sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n àpótí yẹn kì í pọ ohun tó bá gbé mì.

Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá fún yín. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni, mi ò sì mọ ẹlòmíì tó máa yé.

Òjò ò jẹ́ kí á rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́rú ni lẹ́tà yín dé. Mo kà á tán, mo tún kà á. Lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe wà lójú títì, mo sọ fún Àtẹ́rígbà pé ó tó mi gẹ́ẹ́, pé mo fẹ́ lọ bá ọ̀gá wa kó wá bí wọ́n á ṣe dá mi padà sílé. Mo rò pé á wàásù fún mi. Kò wàásù. Ó ní, "Ká kan ọ̀kan sí i ná."

Ilé tó kángun sí ìparí òpópónà la yà sí. A gbọ́ tí ẹnì kan ń fa ilẹ̀kùn láti inú, ó ń ha ilẹ̀ wọ́ọ́ wọ́ọ́. Ó ṣí níwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́, ó dúró síbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló yọjú, aránṣọ ni, òkùn téèpù wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, kì í ṣí ju báyìí lọ. Mi ò sì fẹ́ ìwàásù."

Àtẹ́rígbà ti ń dúpẹ́, èmi ń wo hínjì òkè. Síkúrù méjì ti yọ, ihò wọn ti fẹ̀, gbogbo ìwúwo ilẹ̀kùn wà lórí hínjì ìsàlẹ̀. Mo ní, "Ìyá, hínjì òkè yìí ló jẹ́ kó sọ̀ sílẹ̀."

Ó wò mí. "Ṣé ìwàásù lẹ wá ṣe àbí káfíńtà ni yín?"

Mo ní, "Ọmọ káfíńtà ni mí, mà."

Bàbá, ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ kẹ́yìn. Ó lọ gbé àpótí irinṣẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti kú wá, eruku ti bò ó. Mo gé igi tín-ín-rín, mo fi gúlúù kì í sínú àwọn ihò náà bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó wá ku ẹni tó máa gbé ilẹ̀kùn mú. Àtẹ́rígbà dì í mú bí ẹni gbé ọmọ tuntun jòjòló. Mo ní kó fi èjìká tì í, kó fi ẹsẹ̀ ti igi sábẹ́ rẹ̀. Ó béèrè ibi tí òun máa wò. Mo ní, "Má wo ilẹ̀kùn. Ojú mi ni kí o máa wò." Ẹnu mi ló ti jáde, ohùn yín ni mo gbọ́. Apá rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn ń kán sórí báàjì rẹ̀, kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí síkúrù tó kẹ́yìn fi wọlé.

Gbogbo ìgbà tí a jọ ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń di ilẹ̀kùn mú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa dúró síbi tí ẹ máa ń dúró sí. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń yí síkúrù ni ẹ̀rù ń bà jù.

Ìyá náà dúpẹ́ gidigidi. Ó ní a ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ ìwàásù síbẹ̀síbẹ̀. A ní kò burú. Ó dágbére, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa. Kò ha ilẹ̀, kò dún, ó kàn wọlé síbi tó yẹ kó wà ni. Mo dúró síta, inú mi ń dùn. Àtẹ́rígbà ní òun ò tíì rí míṣọ́nnárì tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ tó ń yọ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ẹ béèrè: bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà. Mi ò ní wá báyìí, màá parí oṣù tó kù nítorí mo ti ṣèlérí, lẹ́yìn náà màá bọ́ báàjì yìí, màá wá. Ẹ má fún fóòmù ní tábìlì bàbá yín. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bá yín di ilẹ̀kùn mú láàárín ìgbà yìí. Ìyẹn ló ń dùn mí, mi ò sì mọ ohun tí mo lè ṣe sí i láti ibí.

Ọmọ yín ni, ọmọ káfíńtà.


Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù parí lónìí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bóyá lẹ́tà mi ò tíì dé. Bóyá ó dé, ẹ ti fún Oní-fóòmù lésì kó tó dé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bi mi ni, mi ò ní bá yín ṣàròyé.

Ìyá aránṣọ yẹn ń kí wa báyìí tá a bá ń kọjá. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn gbayawu láti fi hàn wá pé ó ń ṣí.

Bí ẹ bá ti gbé ṣọ́ọ̀bù fún Oní-fóòmù, ẹ bá mi tọ́jú ìfági kékeré tí mo fi kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Òun nìkan ni mo tọrọ.

Ọmọ yín ni.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Lẹ́tà rẹ tó ròyìn aránṣọ dé lọ́jọ́ Sátidé. Irú gúlúù wo lo lò? Ṣé o jẹ́ kó gbẹ kí o tó yí síkúrù sí i? O ò sọ. Ìkánjú rẹ ò tíì lọ.

O ní ẹni tó ń yí síkúrù ni ẹ̀rù ń bà jù. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tí o ti wà ní ọmọ ọdún méje ni ẹ̀rù ti ń bà mí kí ilẹ̀kùn má wó lù ọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, torí mi ò fẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ajé, Oní-fóòmù wá gba èsì. Lẹ́tà rẹ wà lápò mi, "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mẹ́ta náà ṣì fẹ̀yìn ti ògiri, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní òdìkejì títì sì ti wá bínú sí mi nítorí tirẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni" kì í gbé ilẹ̀kùn. Mo ní kí Oní-fóòmù padà wá lọ́jọ́ kejì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni àwọn méjì yẹn yọ, ẹ̀wù funfun, báàjì láyà. Wọ́n dúró lókèèrè, ó jọ pé wọ́n rántí mi. Mo rántí ohun tí o sọ, mo fún wọn lómi. Wọ́n mu ún tán, ọ̀kan lanu, mo ní kó pa á dé ná, iṣẹ́ wà. Mo bi wọ́n bóyá òfin wọn gbà pé kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní ó gbà.

A gbé ti nọ́ọ̀sì sọdá títì. Èyí tó kúrú nínú wọn ló gbé e mú, bí ẹni gbé ọmọ tuntun, bí o ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ta ló ń kọ́ yín? Mo ní kó fi èjìká tì í, kó máa wo ojú mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń yí síkúrù, ó pẹ́ púpọ̀, kò ráhùn. Ó ń wò mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe orúkọ rẹ. Mo wá rò ó pé bàbá kan wà níbì kan tó ń retí ọmọ yìí náà, ọmọ tí mo lé lọ́jọ́sí láìfún un lómi. Ó dùn mí.

Orí síkúrù tó kẹ́yìn ni Oní-fóòmù bá wa. Ó ní kí lèsì. Mo ní ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn rìnrìn àjò, tó bá dé kó wá bi í. Ó wo àwọn ọmọ méjèèjì, ó wò mí, ó lọ. Láàárọ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín sí mi.

Nítorí náà, má sáré wálé. Parí ohun tí o gbà. Àwọn méjì yìí máa padà wá fún ilẹ̀kùn tó kù. Mo ti sọ fún wọn pé a máa so ó tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, mi ò sì ṣèlérí pé màá gbọ́. Sọ fún Àtẹ́rígbà pé ẹni tí apá rẹ̀ ń gbọ̀n tí kò jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn, káfíńtà ni, ohun yòówù kí bàbá rẹ̀ máa ṣírò. Igi pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú àpò lẹ́tà yìí, mo ti fá a. Yọ páálí yẹn kúrò lábẹ́ tábìlì, kí o fi í síbẹ̀. Bó bá ga jù, gé e díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, èyí tó kúrú béèrè ohun tí wọ́n á máa pè mí. Mo sọ ọ́ fún un. Ìyá rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ, ó wọlé lọ jókòó. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni mo fi parí ìwé yìí.

Èmi ni,
Bàbá Alàgbà.